Àgbò Méjì Ilé Ṣàngóyẹmí

Iná ti jó irun ẹsẹ̀ mẹ́ta lára ewúrẹ́ náà, ó ku ẹ̀kẹrin, nígbà tí Roqeeb wọ àgbàlá mi. Kò kí mi dáadáa. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nà án sí mi bí ẹni pé kò sí èéfín láàárín wa.

"Bàbá àgbà, ẹ gbọ́ nǹkan."

"Má dúró síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí."

Ó sún sẹ́yìn, ó tẹ fóònù. Ohùn Àpèkẹ́ ló jáde. Gbogbo Ẹdẹ mọ ohùn yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n ṣáájú wọn, láti ìgbà tó ń fi kọrin tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sódò.

Kì í ṣe orin ló ń kọ. Wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí rédíò ni. Ó ní:

"Nílé wa ní Ẹdẹ, Ṣàngó ni bàbá mi ń bọ. Àgbò tí wọ́n ń pa fún Ṣàngó lọ́dọọdún, Mùsùlùmí ló ń bá wa pa á. Bàbá Jibril alápatà. Wọ́n á ní Bisimilahi, wọ́n á dúńbú rẹ̀, gbogbo wa á jẹ. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ṣé àwa wá gbọ́n ju àwọn bàbá wa lọ ni?"

Roqeeb pa fóònù náà.

"Ẹ̀yin ni wọ́n dárúkọ yẹn, Bàbá."

"Mo gbọ́ orúkọ mi."

"Ìlú mẹ́fà ló ti sọ ọ́. Ìwó, Èjìgbò, Ìkìrun, n kò mọ èyí tó kù. Wọ́n ti ń bi wá ní mọ́sálásí pé ṣé alápatà wa ló ń pa ẹran òrìṣà. Ẹ kàn sọ pé irọ́ ni. Gbólóhùn kan péré. Mo máa ká a sórí fóònù. Tí Àpèkẹ́ bá gun orí ìtàgé láti kọrin ní pápá lọ́jọ́ Sátidé, a ó gbé ohùn yín jáde kó tó sọ̀kalẹ̀."

"Bí n kò bá sọ ọ́ ńkọ́?"

Ó wo ilẹ̀. "Ta ló máa pè yín láti pa àgbò Ìléyá, Bàbá?"

Ọmọ ọmọ àbúrò mi ni Roqeeb. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí wa, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń gbá mọ́sálásí náà láràárọ̀. Ohun tó sọ yẹn dùn ún láti sọ. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"Jẹ́ kí n jó ẹsẹ̀ kẹrin yìí tán," ni mo wí.

Ó lọ.

Àpèkẹ́ ní orúkọ lóde òní. Bí kò bá sí orin rẹ̀ níbi ìyàwó, wọ́n á ní ìyàwó náà kò dùn. Lọ́dún tó kọjá, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn kan wó ilé ìyá arúgbó kan nítorí òrìṣà tó ń bọ. Àpèkẹ́ kọ orin nípa rẹ̀. Orin náà kò tó o. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìlú dé ìlú, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí kálukú di tirẹ̀ mú, kó sì fi ọmọnìkejì rẹ̀ sílẹ̀ ní àlàáfíà. Àwọn kan ní kó gbájú mọ́ orin. Àwọn kan ní kèfèrí ni. Kò dá wọn lóhùn. Ó ń lọ sí ìlú tó kàn ni.

Òótọ́ ni pé mo bá ilé wọn pa àgbò. Kì í ṣe òótọ́ pé mo pa àgbò Ṣàngó.

Àgbò méjì ni.

Àkọ́kọ́, nínú yàrá òrìṣà ni wọ́n ti ń pa á, ní ìdájí ọjọ́ ọdún. Àwọn àgbà ilé nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Ọmọdé kì í wọ̀ ọ́. Èmi kò wọ̀ ọ́ rí, Ṣàngóyẹmí, bàbá Àpèkẹ́, kò sì pè mí wọ̀ ọ́ rí. Èkejì ni àgbò àlejò. Abẹ́ igi ọsàn níta ni wọ́n ń so ó mọ́. Ìyẹn ni tèmi. Bí mo bá dé, Ṣàngóyẹmí á jáde, á dúró lẹ́bàá ògiri, kò ní la ẹnu títí n ó fi dúńbú ẹran náà. Kò ní pe orúkọ kankan. Èmi pẹ̀lú kò ní bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Àdéhùn wa nìyẹn. Ọdún méjìdínlógójì la fi ṣe é. A kò kọ ọ́ sínú ìwé.

A kì í fi iná jó irun àgbò yẹn. Mo máa ń bọ́ awọ rẹ̀ ni, nítorí awọ ni ìpín mi. Mo máa ń fi iyọ̀ àti eérú pa á, mo máa ń sá a, mo sì máa ń kírun lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá pá, òmíràn á ti dé.

Àgbò kan ṣoṣo ni Àpèkẹ́ rí nígbà tó wà ní kékeré. Ó rò pé òun náà ni ti Ṣàngó. Ọmọ ilé nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àlejò ì bá bèèrè.

Nǹkan kejì tún wà. Ó ní "títí di òní."

Ọdún kẹrin rèé tí Ṣàngóyẹmí kú. Nígbà tí ọdún Ṣàngó àkọ́kọ́ dé lẹ́yìn rẹ̀, ilé wọn ránṣẹ́ pè mí. Mo ti gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Lọ́dún kejì, mo tún ní orúnkún. Lọ́dún kẹta, wọn kò ránṣẹ́ mọ́. Wọ́n pa á fúnra wọn. Kò sí ilé Mùsùlùmí kan ní àdúgbò tó jẹ níbẹ̀. Àwa tí à ń jẹun pọ̀ láti ìgbà bàbá wa.

Nítorí náà, bí mo bá sọ sínú fóònù Roqeeb pé irọ́ ni, ìdajì irọ́ náà, ọwọ́ mi ló ti wá.

Fàsílátù, ìyàwó mi, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ń bó ẹ̀gúsí.

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún un, Bàbá Àwáwù?"

"N kò tíì mọ̀."

"Orúnkún yín ńkọ́?"

Mo wò ó.

"Mo ní orúnkún yín. Èyí tó máa ń dùn yín lọ́jọ́ kan péré lọ́dún. Ọjọ́ kejì rẹ̀ lẹ fi ẹsẹ̀ rìn dé Alájùé, ẹ lọ wo màlúù."

"Fàsílátù."

"Mo ti dákẹ́ o." Kò dákẹ́. "Roqeeb tó wá ń ṣe bí Lèmọ́mù Mẹ́kà yẹn, orí awọ wo ló jókòó sí tó fi kọ́ Àlùkùránì nínú ilé yìí? Kó bi ìdí rẹ̀ léèrè."

Mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, Àpèkẹ́ wá. Ọkọ̀ rẹ̀ kò gba ọ̀nà àdúgbò wa, ó fẹsẹ̀ rìn. Àwọn obìnrin ń ké orúkọ rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó lómi ẹran.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Àpèkẹ́. Dìde, o máa ba aṣọ rẹ jẹ́."

"Aṣọ ni, a ó fọ̀ ọ́." Ó dìde, ó jókòó sórí àpótí. "Bàbá, wọ́n ní mo ti kó wàhálà bá yín."

"O ti kó o bá mi."

"Ẹ̀ ń bínú?"

"Rárá. Àgbò mélòó ni wọ́n ń pa nílé yín lọ́jọ́ ọdún?"

"Ọ̀kan. Èyí tí ẹ̀yin ń pa."

"Méjì ni."

Mo ṣàlàyé fún un. Kò gba àsìkò púpọ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá mi kò sọ fún mi rí."

"O kò bi wọ́n. O sì ti bá orin lọ kí o tó dàgbà tó ẹni tó ń wọ yàrá náà."

"Ìlú mẹ́fà, Bàbá! Ìlú mẹ́fà ni mo ti dúró tí mo ń sọ pé àgbò Ṣàngó lẹ̀ ń pa. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n máa ní òpùrọ́ ni mí. Gbogbo ohun tí mo ti sọ, wọ́n máa kó o dànù pọ̀."

"Ohun tí Roqeeb fẹ́ kí n sọ nìyẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí o bá ń kọrin."

"Ẹ máa sọ ọ́?"

"Dúró ná. Ó ku ọ̀kan."

Mo sọ ọ̀rọ̀ orúnkún mi. N kò fi nǹkan kan bò ó.

"Ọdún mẹ́ta?"

"Mẹ́ta."

"Mo ti ní títí di òní."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀."

Kò sunkún. Ọmọ Ṣàngóyẹmí ni. Ó ní, "Ẹ̀rù bà yín."

"Ó bà mí."

"Ẹ̀rù máa ń ba èmi náà kí n tó gun orí ìtàgé. Ẹ ò lè mọ̀. Ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n bí ẹni tó ní ibà. Màá sì gùn ún." Ó dìde, ó gbọn ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀. "Ọ̀túnla ni ọdún ilé wa. Ọjọ́ kan náà tí mo máa kọrin ní pápá. Èmi kò ní ránṣẹ́ pè yín o, Bàbá. Àgbò á kàn wà lábẹ́ igi ọsàn."

"Ní aago mélòó?"

"Ẹ mọ aago tí ẹ máa ń dé."

Mo mọ̀ ọ́n. Aago mẹ́jọ àárọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, n kò dìde lọ. Mo dúró kí Lèmọ́mù Salman ṣe àdúà tán. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn.

"Roqeeb, aago mẹ́jọ, nílé Ṣàngóyẹmí. Mú fóònù rẹ dání."

Ó dìde dúró. "Kí lẹ fẹ́ sọ níbẹ̀, Bàbá?"

"Wá gbọ́ ọ."

Lèmọ́mù wò mí. Ẹgbẹ́ ni wá, ilé kéú kan náà la lọ. "Jibril, kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ pa àgbò."

"Èmi náà ń bọ̀," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò dùn.

Mo lọ sílé, mo pọ́n ọ̀bẹ. Fàsílátù gbé omi fún mi. Kò sọ̀rọ̀ orúnkún.

Wọ́n ti so àgbò náà mọ́ ìdí ọsàn nígbà tí mo dé. Àgbò dúdú ni, ìwo rẹ̀ ká dáadáa. Àwọn ará ilé ti jáde. Àpèkẹ́ lọ dúró lẹ́bàá ògiri, ibi tí bàbá rẹ̀ máa ń dúró gan-an. Ẹnikẹ́ni kò ní kó lọ síbẹ̀. Ẹnu tí àwọn èèyàn ń ti Èkó wá gbọ́, ó pa á dé.

Roqeeb dé pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún. Lèmọ́mù dé lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Roqeeb gbé fóònù sókè.

Mo dá àgbò náà dùbúlẹ̀. Mo kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Mo ní, "Bisimilahi, Alahu Akbar." Mo dúńbú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ fún un.

Ẹran náà dákẹ́.

"Orúkọ ta lo pè?" ni Lèmọ́mù bèèrè.

"Ẹ gbọ́ ọ."

"Mo gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí fóònù yẹn gbọ́ ọ ni."

"Orúkọ Ọlọ́hun nìkan."

"Èyí tí wọ́n pa nínú ilé ńkọ́?"

"Kì í ṣe ọ̀bẹ mi. N kò wọ ibẹ̀ rí. Àgbò méjì ni wọ́n ń pa, ti òrìṣà àti ti àlejò. Ti àlejò ni mo ń pa."

"Láti ìgbà wo?"

"Mo ṣe é fún ọdún méjìdínlógójì. Mo wá fi ọdún mẹ́ta sílẹ̀."

"Kí ló mú ọ fi í sílẹ̀?"

"Ẹ̀rù. Mo fi orúnkún bojú."

Roqeeb sọ fóònù kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Gbé e sókè," ni mo wí fún un. "N kò tíì ṣe tán."

Ó gbé e sókè.

"Awọ rẹ̀ ni ìpín mi. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kírun. Roqeeb, ìwọ náà ti kírun lórí rẹ̀ nílé mi. Ó tán."

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà rẹ́rìn-ín jáde láìmọ̀. Roqeeb yíjú sí i, ó dákẹ́.

Lèmọ́mù fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. "Èmi kò ní jẹ níbí. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi nìyẹn, n kò sì ní bò ó. Ṣùgbọ́n ẹran tí mo fojú mi rí tí wọ́n fi orúkọ Ọlọ́hun pa, n kò lè pè é ní òkúǹbete, ẹran tí Mùsùlùmí kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pe Jibril ní kèfèrí, kó kọ́kọ́ wá bá mi nílé."

Àpèkẹ́ wá la ẹnu lẹ́bàá ògiri. "Ẹ ṣé o, Bàbá Lèmọ́mù. Ṣé ẹ máa gba omi?"

"Omi kò ní ohun tó ń ṣe é. Gbé e wá."

Wọ́n gbé omi wá. Ó mu ún lórí ìdúró, ó rántí pé kò yẹ bẹ́ẹ̀, ó jókòó mu èyí tó kù. Lẹ́yìn náà ó lọ.

Mo bọ́ awọ náà.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, pápá ilé ẹ̀kọ́ kún. Wọ́n ti ìlú Ara wá, wọ́n ti ìlú Awo wá. Wọ́n fún mi ní àga níwájú. Àpèkẹ́ gun orí ìtàgé, wọ́n hó. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó mú máìkì.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí orin tó bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Mo ti ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ ní ìlú mẹ́fà. Mo ní alápatà Mùsùlùmí ló ń pa àgbò Ṣàngó nílé bàbá mi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbò méjì ni. Ti Ṣàngó, àwọn tó ń bọ Ṣàngó ló ń pa á. Ti àlejò, Bàbá Jibril ló ń pa á ní orúkọ Ọlọ́hun, kí gbogbo wa lè jọ jẹ. Mi ò mọ̀. Àgbà ni mo dà kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa."

Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn: "Ẹ̀kẹta ńkọ́?"

"Ra ẹ̀kẹta wá, ẹ̀gbọ́n! A ó wá ẹni tó máa pa á fún yín!"

Pápá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà pẹ̀lú rẹ́rìn-ín.

"Ẹ dúró, ọ̀rọ̀ mi kò tíì tán. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn bàbá wa kò ka ìyàtọ̀ sí. Irọ́ ni. Wọ́n kà á sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra àgbò méjì. Wọn kò da ẹ̀sìn pọ̀, wọn kò sì lé ara wọn. Owó àgbò kejì ni wọ́n ń san. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ ra èkejì. Màá padà sí ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, màá tún un sọ bó ṣe rí."

Ó na máìkì sí mi. N kò fẹ́ ẹ. Fàsílátù fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Mo dìde.

"Èmi ni Jibril alápatà. Ohun tó sọ lónìí ni òótọ́."

Mo jókòó. Wọ́n hó ju bí wọ́n ṣe hó fún un lọ. Ó wá kọrin. Ó kọ ọ́ dáadáa.

Roqeeb gbé fídíò náà jáde lọ́jọ́ kan náà. Mo ti rò pé á gé e. Kò gé e. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, títí dé ibi tí mo ti sọ pé ẹ̀rù ló bà mí. Àwọn kan bú mi. Àwọn kan ṣàdúà fún mi. Ẹnìkan kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí n lọ fi òróró pa orúnkún mi. Fàsílátù ní kí wọ́n ka ìyẹn fún òun lẹ́ẹ̀mejì.

Àpèkẹ́ ti padà sí mẹ́rin nínú ìlú mẹ́fà náà. Ní Ìkìrun, wọ́n sọ òkò. Kò sọ̀kalẹ̀.

Nígbà tí Ìléyá dé, ilé mẹ́rìndínlógún ló pè mí. Mẹ́tàlélógún ni tẹ́lẹ̀. Ilé Roqeeb kò pè mí. Alápatà mìíràn ló bá wọn pa tiwọn. Ṣùgbọ́n ó gba ojúlé mi kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi dáadáa.

Ẹran àgbò dúdú náà kò di ọjọ́ kejì. Awọ rẹ̀ ló kù. Mo ti sá a, ó ti rọ̀. Orí rẹ̀ ni mo ti kírun àsùbáà òní.